Esáǹsì inú ìgò àti omi kànga wa

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta esáǹsì lójú ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù lọ sí oko, ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ ọlọ, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná lójoojúmọ́. Ẹ kà á sókè fún ara yín. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn yín, ẹ dúró, ẹ jíròrò lé e lórí kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo agbo ilé kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè. Oṣù kejì ọdún ni. Oòrùn ń mú ganrínganrín, omi kànga ti fà lọ sísàlẹ̀. Ìyàwó ilé kan pọn omi ní ìdájí, ó dà á sínú ìkòkò, ó fa imú.

— Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbóòórùn omi yìí. Ó ń rùn bí esáǹsì.

— Bóyá ẹni tó fi ọwọ́ kan esáǹsì ló di okùn kànga mú.

— Mo ti pààrọ̀ okùn láti àná, Ìyá. Ọjọ́ kẹta rèé tó ń rùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tọ́ omi náà wò, ó tu ú dànù. Àwọn méjèèjì wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àbúrò ọkọ ti ń to ìgò esáǹsì sórí tábìlì. Ìyàwó náà rọra sún mọ́ ọn.

— Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú o. Níbo lẹ máa ń da esáǹsì tó bá kù nísàlẹ̀ ìgò sí?

— Ilẹ̀ ni mo ń dà á sí. N kò da nǹkan kan sínú kànga o! Ẹ wo bó ṣe jìnnà tó, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Òótọ́ ló sọ. Kò da nǹkan kan sínú kànga. Ilẹ̀ ló dà á sí, ilẹ̀ náà ló gbé e fún kànga.

Ibi tí esáǹsì ti wá

Esáǹsì, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bẹntiróòlù, gásóyì tí ẹ̀rọ ọlọ ń mu, epo fìtílà àti gáàsì ìdáná, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa wọ́n. Ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn, ewéko àti ẹ̀dá tíntìntín inú omi kú, wọ́n rì sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ mìíràn bò wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ooru inú ilẹ̀ sì sè wọ́n títí wọ́n fi di epo rọ̀bì àti gáàsì. Nàìjíríà rí epo tirẹ̀ ní Oloibiri ní ọdún 1956. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà ti wa epo rí. Láti ọdún 1982 títí di 1998 ni wọ́n fi ń fa epo lábẹ́ òkun níwájú Sẹ̀mẹ̀.

Kpayo tí a ń rà nínú ìgò lójú ọ̀nà kò ti Sẹ̀mẹ̀ wá. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e, ààlà kò sì jìnnà sí wa. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Nàìjíríà ń san lára owó epo fún àwọn ará ìlú wọn. Epo wọn wá dínwó ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànwọ́ náà ti parí. Lítà kan tí kò tó 200 náírà di ohun tó ju 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ìhà tiwa pẹ̀lú, owó kpayo fò sókè, ọ̀pọ̀ tó ń tà á sì káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n tábìlì kò tán lójú ọ̀nà. Ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Kì í ṣe òun ni ẹ̀kọ́ yìí wá bá jà.

Bí esáǹsì ṣe ń wọ kànga

Ẹ ṣe ìdánwò yìí ní kíláàsì. Ẹ mú agolo kan, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ bu iyanrìn kún un. Ẹ po aró díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ sì dà á sórí iyanrìn náà. Ẹ dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi aró á máa kán ní ìdí agolo. Lójú, orí iyanrìn lè ti gbẹ, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lára esáǹsì tó dà sílẹ̀ máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tó kù máa ń rìn lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi bá omi. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn òkè àpáta tó yọ sókè ní ìlú wa, ìdí wọn gbòòrò lábẹ́ ilẹ̀ ju bí a ṣe ń rí i lọ. Erùpẹ̀ ló bo àpáta náà. Omi tí à ń pọn wà nínú erùpẹ̀ yìí àti nínú ibi tí àpáta ti sán. Omi a máa bá ojú sísán náà rìn, kò sì sí ẹni tó lè dúró lókè kó mọ ọ̀nà tó gbà. Nítorí náà, esáǹsì tó dà sí ẹnu ọ̀nà ilé kan lè yọ nínú kànga ilé kejì, kí kànga tó sún mọ́ ọn jù má sì rùn rárá.

Esáǹsì fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló ń léfòó sí. Nígbà òjò, omi pọ̀ nínú kànga, ẹ lè má gbóòórùn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá kù díẹ̀, òórùn lè wá jáde. Kí òórùn má sí kò túmọ̀ sí pé esáǹsì kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a rìn dé ilẹ̀ Ogoni ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń wa epo tipẹ́, kí a lè rí bí nǹkan yìí ṣe lè burú tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde nípa ilẹ̀ àti omi ibẹ̀. Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá epo tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ntímítà 8. Epo tí a ti fọ̀ ni, irú èyí tí a ń rọ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n yẹ omi tí àwọn ènìyàn ń mu láti inú kànga wò. Wọ́n rí bẹ́nsíìnì nínú rẹ̀, oró kan tó wà nínú esáǹsì, ó sì ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Ẹ̀bá ọ̀pá ńlá tó ń gbé epo kọjá ni àwọn kànga náà wà. UNEP sọ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí tún ilẹ̀ Ogoni ṣe, ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ó tó padà bọ̀ sípò.

Tábìlì kan kì í ṣe ọ̀pá epo, a mọ̀. A kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye tábìlì tó wà láti ibùdó ọkọ̀ ojúurin dé ọjà, kí ẹ fi iye ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kún un. Ẹ fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkaníìkì ń dà sílẹ̀ kún un pẹ̀lú.

Bí omi kànga bá ń rùn bí esáǹsì, kí ni kí á ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí á sè é. Sísè dára fún kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òògùn esáǹsì. Ńṣe ni ooru omi náà á gbé oró rẹ̀ sínú yàrá tí ẹ ti ń mí. Álọ́ọ̀mù kò lè mú un kúrò, omi Javel kò lè mú un kúrò. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ. Ẹ wá omi sí ibòmíràn, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé ìlera àti ilé iṣẹ́ kọmúnù létí.

Ẹni tó ń tà á lè ṣe púpọ̀ láìná owó. Bí a kì í ti í gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀gbẹ́ kànga, bẹ́ẹ̀ náà ni kí á má gbé tábìlì esáǹsì sí ibẹ̀. Kí tábìlì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, níbi tí ọ̀gbàrá kò ti ní gba ìdí rẹ̀ lọ sí kànga. Kí á gbé abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sábẹ́ àrọ nígbà tí a bá ń rọ epo, kí èyí tó bá dà lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìyókù inú ìgò, inú bídọ̀n tó ní ìdérí ni kó padà sí. Owó ni, kí ló dé tí à ń dà á nù?

Ẹnu, imú àti iná

A ti rí i bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ki rọ́bà bọ bídọ̀n, tí wọ́n á fi ẹnu fà á kí epo lè máa ṣàn. Èyí léwu ju bí ojú ṣe rí i lọ. Esáǹsì tó bá lọ sí ikùn lè ṣe ibi, ṣùgbọ́n èyí tó bá ya sínú ẹ̀dọ̀fóró ló ń pani jù. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí èémí má lè wọlé mọ́. Nítorí èyí ni a fi ń kìlọ̀: bí ọmọ bá mu esáǹsì tàbí epo fìtílà, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà. Bí ó bá bì í, esáǹsì náà á tún ọ̀fun gbà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lè ya sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó rin lára rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìgò tó mu lára rẹ̀ dání. Kí a má tilẹ̀ rọ esáǹsì sínú ìgò tí ọmọ mọ̀ sí ìgò ohun mímu.

Èéfín ńkọ́? Ní Kútọnù, àwọn olùwádìí kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń wa zémidjan, àwọn tó ń ta esáǹsì, àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì àti àwọn tí ilé wọn wà lójú títì wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn ará abúlé. Ní ọdún 2006 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àmì ìbàjẹ́ tí èéfín ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára àwọn ará ìlú ńlá wọ̀nyí ju ti àwọn ará abúlé lọ. Bẹ́nsíìnì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á, kó jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbé òórùn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má sì gbé ìgò wọ yàrá tí ó ń sùn lálẹ́. Kí aboyún àti ọmọ ọwọ́ má jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ kan sí i. Nígbà kan, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ esáǹsì kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ dáadáa, òjé náà sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ jẹ́. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu láti fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní ọdún 2021. Nǹkan tí a rò pé kò ṣeé yí padà ti yí padà rí.

Ní ti iná, gbogbo wa la mọ̀ pé esáǹsì ń jó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbiná. Òórùn náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ bá lọ. Ó lè wọ́ láti ìdí bídọ̀n dé ìdí àdògán tó wà lẹ́yìn ilé, kí iná sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kráké, lẹ́bàá ààlà. Àwọn tó kú lé ní 30, ọmọdé wà nínú wọn. Ní Nàìjíríà, ní ìlú Jesse, ọ̀pá epo kan jò ní oṣù kẹwàá ọdún 1998. Àwọn ènìyàn ń bu epo nígbà tí iná sọ, àwọn tó kú sì ju 1,000 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé láti ọdún 2024 ni epo rọ̀bì ilẹ̀ Niger ti kọ́kọ́ gba inú ọ̀pá kan tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà dé etíkun Sẹ̀mẹ̀, ẹkùn Collines tiwa sì wà lára ibi tó gbà kọjá. Bí ẹ bá rí epo tó ń yọ nílẹ̀ nínú oko, ẹ má bu ú, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má ṣáná. Ẹ sá lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ ké sí àwọn aláṣẹ.

Ilé ọlọ náà nílò ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń jó gásóyì tàbí esáǹsì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé máa ń tú èéfín kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Kábọ́nì mọnọ́ksáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, oorun á máa kunni, a sì lè má jí mọ́. Kí a fa ọ̀pá èéfín ẹ̀rọ náà gba ara ògiri jáde, kó ga ju òrùlé lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná sínú ilé, bí olè tilẹ̀ wà níta.

Èéfín tó lọ sójú ọ̀run

Ẹ gbé lítà esáǹsì kan lé orí òṣùwọ̀n. Kò tó kìlò kan. Nígbà tí alùpùpù bá jó o tán, afẹ́fẹ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tó jáde ní ìdí rẹ̀ wúwo ju kìlò 2 lọ. Báwo ni ọmọ ṣe wúwo ju ìyá tó bí i? Ìdí rẹ̀ ni pé iná kì í jó láìsí afẹ́fẹ́. Kábọ́nì inú esáǹsì so mọ́ ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ìwúwo méjèèjì sì di ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í pa ènìyàn níta gbangba. Àwa náà ń mí i jáde. Lójú ọ̀run, ó dà bí aṣọ tí a fi bora: ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ jáde tán. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí jó èédú inú ilẹ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ó ti kọjá 420. Aṣọ náà ti nípọn sí i, ayé sì ti gbóná sí i. Gbogbo Áfíríkà pọ̀, èéfín epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ tí a ń tú jáde kò tó 5 nínú 100 ti gbogbo ayé. Àwọn tó jó o jù kọ́ ni òjò ń dà láàmú jù. Ọ̀rọ̀ náà dunni, kò sì yẹ kí a fi bò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, ẹ á gbin àgbàdo, òjò á sì dúró títí irúgbìn á fi gbẹ. Nígbà tó bá tún padà, á rọ̀ bí ẹni da garawa. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi púpọ̀ mọ́ra, nítorí náà àárín òjò méjì lè gùn, òjò fúnra rẹ̀ sì lè pọ̀ jù. Ní ọdún 2010, odò Wẹ̀mẹ̀ àti àwọn odò mìíràn kún àkúnya, ìyà rẹ̀ sì kan àwọn ènìyàn tó ju 600,000 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé esáǹsì nìkan ló fa ìkún omi yẹn, ẹ má gbà. Omi a máa kún láti ayébáyé, igi tí a gé létí odò náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé ooru tó pọ̀ sí i ń mú kí irú òjò ńlá bẹ́ẹ̀ máa wá lemọ́lemọ́.

Gáàsì ńkọ́?

Gáàsì tó ń jáde láti inú ilẹ̀, mẹ́tẹ̀nì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó gba inú ọ̀pá kan lábẹ́ òkun láti Nàìjíríà wá sí Kútọnù, ó kọjá sí Lomé, ó dé Gánà. Ilé iṣẹ́ mànàmáná tuntun ti Maria-Gléta, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, ń lò ó. Bí a bá fi wé èédú ilẹ̀, gáàsì mọ́. Fún iná mànàmáná kan náà, afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti èédú. Ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀nì bá jò láìjẹ́ pé ó jó, ooru tó ń dá dúró lójú ọ̀run ju ti kábọ́nì dáyọ́ksáìdì lọ ní ìlọ́po tó ju 80 láàárín ogún ọdún. Ní Niger Delta, wọ́n ń jó gáàsì dànù níta lójú kànga epo, lọ́sàn-án lóru. Òfin Nàìjíríà ti ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ọdún 1984. Iná náà ṣì ń jó. Ohun tí ìlú kan ń sun dànù ni ìyàwó ilé ní ìlú kejì ń wá owó rà.

Gáàsì inú ìgò tí a fi ń dáná jẹ́ irú mìíràn, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kan náà ló ti wá. Ṣé kí á wá sọ fún ìyá tó ń fi igi dáná pé kó má rà á, nítorí ojú ọ̀run? Rárá o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020. Àwọn ìyá àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn wà lára àwọn tó ń fa èéfín náà símú jù. Ẹ tún wo àpò èédú tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà Kútọnù sí Parakou. Igi àyìn àti igi òrí ilẹ̀ wa ló wà nínú wọn. Ìdílé tó bá lè ra ìgò gáàsì kékeré, oníkílò 6, kó rà á, kó sì lò ó fún oúnjẹ tó ń yára jinná. Èyí tí kò bá lè rà á, kó mọ àdògán alámọ̀ tó bo iná dáadáa, kó lo igi gbígbẹ, kó dé ìkòkò, kó sì dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

Gáàsì inú ìgò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí òórùn esáǹsì. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ti ìgò náà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ìdí rọ́bà. Ibi tó bá ń ho ló ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣáná wò ó.

Ó ku ohun kan tí ó máa ń ya àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu. Yúríà tí ẹ ń fọ́n sí oko òwú àti oko àgbàdo, gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ yóò gba mẹ́tẹ̀nì àti afẹ́fẹ́, yóò sì sọ wọ́n di ajílẹ̀ funfun inú àpò. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, tí gáàsì gbówó lórí ní Yúróòpù, owó ajílẹ̀ ga títí dé oko wa. Èyí tí a bá fọ́n jù, òjò á gbá a lọ sí odò, díẹ̀ á sì di afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò nígbà tí ilẹ̀ bá rin, ẹ má fọ́n ọn sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ da ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà pọ̀ mọ́ ọn. Ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbin mùkúná láti pa ekan, ilẹ̀ wọn sì tún lọ́ràá. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà ń fún ilẹ̀ ní díẹ̀ lára ohun tí yúríà ń fún un, láìsí gáàsì.

Ní agbo ilé yẹn

Àbúrò ọkọ kò jà. Ó gbé tábìlì rẹ̀ kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, ní ìsàlẹ̀ kànga. Ó wa erùpẹ̀ tó ti rin fún esáǹsì kúrò, ó sì ra abọ́ kan tó ń gbé sábẹ́ àrọ. Oṣù kẹta dé, kànga ṣì ń rùn. Ìyàwó ilé náà ń pọn omi ní pọ́ńpù tó wà lẹ́bàá ilé ìwé, ó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò ọkọ so bídọ̀n mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀.

— Ẹ jókòó, ìyàwó wa. Èmi ni n ó máa lọ pọn ún títí yóò fi mọ́.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ló dé tí sísè kò fi lè sọ omi tó ní esáǹsì di mímu?

Ọmọ ọdún méjì mu epo fìtílà nílé yín. Kí ni ẹ ó ṣe? Kí ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣe?

Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni ó ń lo gáàsì, ta ni ó ń lo èédú, ta ni ó ń lo igi? Ẹ ṣírò iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná lóṣù.

Láti tábìlì esáǹsì tó sún mọ́ ilé yín jù dé kànga tí ẹ ń pọn, ìṣísẹ̀ mélòó ni? Apá ibo ni ọ̀gbàrá ń ṣàn sí? Ẹ lọ wò ó kí a tó tún pàdé.